Páìpù Tó Gba Ẹ̀gbẹ́ Ibojì Kọjá

Ẹ̀ẹ̀rùn ló tú àṣírí rẹ̀. Nígbà òjò, gbogbo ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ló máa ń tutù, kò sí ẹni tó lè mọ omi òjò yàtọ̀ sí omi mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ mú, tí ilẹ̀ Ìbarà gbẹ débi pé ó ń là, tí eruku bo ewé ìbẹ́pẹ mọ́lẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló ṣì tutù nílé mi. Ẹ̀gbẹ́ ibojì ìyàwó mi ni, níhà orí. Koríko hù níbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń bomi rin ín.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ kíyè sí i. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, lọ́jọ́ tí àwọn ará ilé wọn wá ṣe ìrántí olóògbé. Òun ni àkọ́bí ilé wọn ní Ìjemọ. Obìnrin tó ga ni, tó ń ta aṣọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń gé bí abẹ. Lẹ́yìn àdúrà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó wò ó. Ẹrẹ̀ ni.

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àna, kí ló ń pa àbúrò mi lẹ́kún?"

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo rò pé eré ni. Òun kò rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ dúró lọ́wọ́ ọ̀tún mi, àwọn náà ń wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ilẹ̀ tó tutù. Nígbà tí ìyàwó mi kú, ilé baba rẹ̀ ní Ìjemọ ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ, kí ó lọ sùn ti ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọbìnrin ilé wọn nìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ilé tí òun ru omi tí a fi mọ ọ́n ni òun fẹ́ wà. Òótọ́ ni. Nígbà tí à ń mọ ilé náà, ẹnu ẹ̀rọ omi ìjọba tó wà lójú títì ló ti ń fi orí ru gbogbo omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Ó ní, "A fi í sílẹ̀ fún ọ ni o. A kò ta á."

Lọ́jọ́ ìrántí yẹn, ó rán mi létí. Ó ní ẹni tí wọ́n sin sílé ọkọ, tí omi sì ń sun lẹ́bàá orí rẹ̀ nínú ọyẹ́, ilé baba rẹ̀ ló ń béèrè. Ó ní kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, àwọn yóò padà wá wò ó. Bí àwọn bá bá a ní gbígbẹ, ọ̀rọ̀ tán. Bí àwọn kò bá bá a bẹ́ẹ̀, àwọn yóò wú àbúrò àwọn, àwọn yóò sì gbé e lọ sílé.

Mo ti bímọ kí n tó mọ ìwé kà, nílé ẹ̀kọ́ àgbà tí à ń lọ nírọ̀lẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá yára dáhùn níwájú àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù ú lọ, ara rẹ̀ ló ń dá lẹ́bi. Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Mo kí wọn pé ẹ kú àbẹ̀wò. Mo wá padà lọ wo ilẹ̀ náà.

Òkú kì í sunkún kí ó mú koríko hù. Omi ló ń mú un hù. Omi méjì péré ló sì wà ní ilé mi, omi inú tánkì àti omi ilé ìyàgbẹ́.

Nítorí ìyàwó mi ni mo ṣe ra tánkì náà. Ṣáláńgá ni à ń lò tẹ́lẹ̀, ní ìkángun ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò lè rìn débẹ̀ mọ́, mo gbé tánkì onípáànù kan lé orí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo ní kí wọ́n ṣe ilé ìyàgbẹ́ olómi sí ẹ̀yìn yàrá rẹ̀. Páìpù funfun oníke ló gba abẹ́ ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ tánkì lọ sí ilé ìyàgbẹ́ náà. Obìnrin tó ti fi orí ru omi láti ìgbà èwe rẹ̀ fa irin kan lẹ́ẹ̀kan, omi sì dà wá bá a. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Kò lò ó pẹ́.

Ilé ìyàgbẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Búlúù tí ìyàwó mi fi ń fọ aṣọ funfun ṣì wà nínú agolo mílíìkì níbi tó gbé e sí. Mo bu díẹ̀, mo pò ó sínú tánkì kékeré tó wà lókè ìjókòó, mi ò sì fa irin rẹ̀. Mo lọ mu ẹ̀kọ. Nígbà tí mo padà dé, omi inú àwo ìjókòó ti di aró. Ẹnikẹ́ni kò fà á, búlúù sì ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ń jò.

Mo ṣí ìdérí tánkì kékeré náà. Mo gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, mo tú wáṣà tó dí ojú ihò ìsàlẹ̀. Ó ti le bí awọ bàtà àlòkù. Etí rẹ̀ kan ti jẹ, omi sì ń gba ibẹ̀ yọ́ kọjá. Mo mú un dání lọ sí Aké kí wọ́n lè fún mi ní èyí tó bá a mu, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ènìyàn máa ń ra wáṣà nílé ìtajà tí kò ní wọlé nígbà tó bá délé. Mo fi tuntun sí i. Mo tún bu búlúù. Nírọ̀lẹ́, omi àwo ṣì funfun.

Mo yọ̀. Mo ránṣẹ́ sí ọmọ mi pé mo ti rí i. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ẹ̀gbẹ́ ibojì kò gbẹ.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Omi tó bá jò sínú àwo, ọ̀nà ihò ìdọ̀tí ló ń bá lọ, kò lè yà sọ́dọ̀ ìyàwó mi. Mo ti tún ibi tó ń jò ṣe, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ gba ìyàwó mi lọ́wọ́ mi kọ́ ni.

Nígbà tí omi ìjọba tún yọ tí tánkì kún, mo gé ọ̀pá oparun tín-ín-rín kan. Mo tì í bọ inú tánkì dé ìsàlẹ̀, mo fi èédú sàmì sí ibi tí omi dé. Mo ti ẹ̀rọ tó wà lẹ́sẹ̀ tánkì pa, mo lọ sùn. Ní ìdájí mo tún tì í bọ̀ ọ́. Omi dúró síbi tí mo fi í sí. Tánkì fúnra rẹ̀ kò jò nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ṣí ti ẹsẹ̀ tánkì sílẹ̀, mo ti èyí tó wà nínú ilé ìyàgbẹ́ pa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti lọ sílẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Èmi nìkan ni mò ń gbé ilé náà, mi ò sì mu tó ife kan nínú rẹ̀.

Àárín méjèèjì ló ti ń jò nígbà náà, lábẹ́ ilẹ̀. Kò sì sí ohun mìíràn láàárín méjèèjì ju ibojì lọ.

Mo ti ẹ̀rọ ẹsẹ̀ tánkì pa lójú ẹsẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi korobá pọn omi. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíràn lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Bí ó bá bá a ní gbígbẹ láìrí ìdí rẹ̀, yóò ní mo ti lọ bẹ ẹnì kan kó wá pẹ̀tù sí òkú nínú. Mo fẹ́ kí ó rí páìpù pẹ̀lú ojú rẹ̀.

Gbígbẹ́ ilẹ̀ ibojì kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ òkú. Lọ́dọ̀ tiwa, àna ló ń gbẹ́ ilẹ̀. Ọkọ ọmọ mi ló gbẹ́ èyí náà nígbà tí ìyàwó mi kú. Wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n fẹ́ ara wọn nígbà náà. Ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní Aké, ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tó ń dọ̀bálẹ̀ tí àyà rẹ̀ ń kan ilẹ̀. Àwọn ojúgbà rẹ̀ ní kí ó sanwó fún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Ó kọ̀, ó ní ọwọ́ òun ni òun yóò fi gbẹ́ ilẹ̀ ìyá ìyàwó òun. Gbogbo ènìyàn yìn ín. Èmi náà yìn ín. Mo fi ẹsẹ̀ fa ilà sílẹ̀ fún un, mo ní kí ó má kọjá ibẹ̀, páìpù wà níbẹ̀.

Mo ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá mi wú ẹ̀gbẹ́ ibojì náà. Ó ní òun ń lọ ra ọjà ní Èkó. Mo tún ránṣẹ́. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọmọ mi mú èsì kẹta wá fúnra rẹ̀, ó ní ọkọ òun ní ṣé kò ní dára kí a fi ilẹ̀ ibojì sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kí a má máa tú ohun tí Ọlọ́run ti bò. Mo wo ojú ọmọ mi. Kò mọ nǹkan kan nígbà yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Mo mú ọkọ́, mo gbẹ́ ẹ fúnra mi. Òwúrọ̀ kùtù ni, kí àwọn aládùúgbò tó jáde. Mo wí fún ìyàwó mi pé kó má bínú. Ilẹ̀ náà rọ̀, kò pẹ́ tí mo fi kan páìpù. Ó ti sán, ó ń yọ ẹnu bí ìgbà tí dígà bá bà á. Wọ́n sì ti fi rọ́bà dúdú wé ojú ibẹ̀. Rọ́bà tíúbù alùpùpù ni, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fà á le, wọ́n ta á ní kókó bí wọ́n ṣe ń di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Ó ti mú omi dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ jẹ ẹ́, ó rà, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ.

Mo jókòó sórí òkìtì yẹ̀pẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi ayùn gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, mo lọ ra òmíràn, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, mo jẹ́ kó gbẹ kí n tó ṣí omi sí i. Mo fi ọwọ́ pa á títí. Kò jò. Mo wá da yẹ̀pẹ̀ padà sórí rẹ̀.

Mo mú rọ́bà náà lọ sí Aké. Mo gbé e lé orí káńtà rẹ̀, láàárín ẹ̀yà ara alùpùpù tó ń tà. Ó wò ó. Kò bi mí pé kí nìyí. Ó bọ́ sí ìta, ó dọ̀bálẹ̀ lójú títì níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kọjá.

Mo ní, "Dìde, kí o sọ̀rọ̀."

Ó ní dígà ló yọ̀ lọ́wọ́ òun. Omi tú jáde, wọ́n sì ti gbé pósí sí pálọ̀, àwọn ará Ìjemọ jókòó, wọ́n ń dúró de ilẹ̀. Ó sáré lọ ti ẹ̀rọ pa, ó fi rọ́bà tó wà lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀ dì í, ó bò ó. Ó ní òun rò pé òun yóò padà wá tún un ṣe.

Ó ní, "Àna tuntun ni mí, Bàbá. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní ọmọ yín ni. Ta ni yóò gbọ́ pé ọjọ́ tí wọ́n ní kí n gbẹ́lẹ̀ ni mo fọ́ páìpù ilé àna mi? Wọn ì bá fi mí kọrin délé."

Mo ní, "Ọjọ́ ìrántí, o dúró tì mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O gbọ́ ohun tí wọ́n ní àwọn yóò ṣe."

"Mo gbọ́."

Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá padà wá, kí ó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ níwájú wọn. Mo ní èmi yóò jókòó tì í, èmi yóò sì bá a bẹ̀ wọ́n. Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n rẹ̀, ó tọ́ka sí ọ̀run. Ó ní òun yóò wá.

Wọ́n wá kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, bí wọ́n ṣe wí. Mo to àga sí ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ ti gbẹ, koríko ti ń pọ́n. Ọkọ ọmọ mi kò sí níbẹ̀. Ọmọ mi nìkan ló wọlé, ó pọn ọmọ, ó sì gbé oúnjẹ dání. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ sí mi létí pé ara ọkọ òun kò yá. Kò lè wojú mi. Mo mọ̀ nígbà náà pé ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un.

Mo kó páìpù tó bàjẹ́ àti rọ́bà rẹ̀ jáde, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Mo ṣàlàyé ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀, pé ibi tó ti ń jò nìyí, mo ti tún un ṣe, kò sì jò mọ́. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Obìnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Bí ó bá jẹ́ òmùgọ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀.

Ó ní, "Mo gbà. Omi ni, kì í ṣe ẹkún." Ó fi ìka kan kókó rọ́bà náà. "Ta ló ta èyí?"

Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ẹnì kan mọ̀ pé páìpù fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àbúrò mi. Ó fi àkísà rọ́bà wé e, ó bò ó, ó lọ jẹun òkú. Ó sì ń wò wá nígbà tí à ń pe omi ní ẹkún. Àna, ilé ẹ nìyí. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, o kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi òkú sílẹ̀ fún. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, dárúkọ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tó gbẹ́lẹ̀ ni, kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé wa mọ́, ọmọ wa yóò sì kó ẹrù rẹ̀ wálé lónìí. Sọ̀rọ̀."

Ọmọ mi dúró lẹ́yìn àwọn obìnrin ilé ìyá rẹ̀. Ó ń mi ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ náà kò sunkún. Ó wá wojú mi.

Mo dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi dúró pẹ́. Mo rò pé ó mọ̀. Bí ó bá mọ̀, ó fi fún mi láti yàn ni, mo sì yàn. Ó gbé páìpù sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ náà ni."

Wọ́n wú ìyàwó mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Pásítọ̀ gbàdúrà. Wọn kò ní kí n má wá sí Ìjemọ, wọn kò sì ní kí n wá. Mi ò lọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọkọ ọmọ mi pé iṣẹ́ àna ni, pé kó wá gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní ó gbẹ́ ẹ dáadáa, etí rẹ̀ gún régé.

Wọ́n fi ihò sílẹ̀ fún mi. Mo mú ọkọ́ kan náà, mo dí i. Ẹnikẹ́ni kò wá bá mi sọ pé èèwọ̀ ni.

Títí di òní, bí mo bá rìn kọjá ní Aké, àwọn kan nínú àwọn àgbà ilé ìyàwó mi máa ń wò mí kọjá bí ẹni wo ògiri. Ọkọ ọmọ mi máa ń wá kí mi nígbà ọdún. Ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń pẹ́ kí ó tó dìde. Mo máa ń bi í nípa ọjà rẹ̀. Ó máa ń ní ọjà ń lọ. Mo máa ń ní a dúpẹ́. A kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ mi máa ń wá lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Ìjemọ ló máa ń kọ́kọ́ yà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo mọ̀ láti ara eruku pupa tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A ó jẹun, yóò fọ àwo, yóò jókòó.

Mo máa ń bi í pé, "Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ?"

Á ní, "Ó gbẹ, Bàámi."